Fáíbà Kò Gbọdọ̀ Dúró Lẹ́nu Géètì: Lẹ́tà Ṣíṣí Láti Záríà sí Mínísítà Bosun Tijani

Sí Dókítà Bosun Tijani, Mínísítà fún Ètò Ìbánisọ̀rọ̀, Ìmọ̀ Tuntun àti Ọrọ̀ Ajé Ayélujára, Àbújá.

Sabon Gari, Záríà, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, àdúgbò tí àwọn Yorùbá ti ń gbé láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti sọ ìlú yìí di oríta. Iṣẹ́ wáyà ni mo ń ṣe. Kì í ṣe wáyà iná o, wáyà tí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni. Mo ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ fáíbà, okùn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀, tí ẹ fẹ́ rì mọ́lẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, mo sì gbà pé iṣẹ́ gidi ni. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ibi tí iṣẹ́ yẹn máa parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi 90,000 kìlómítà fáíbà kún 35,000 tó ti wà nílẹ̀. Fáíbà nìkan kọ́ ló ń bọ̀: ọ̀pá gáàsì Àjàòkúta sí Kánò, 614 kìlómítà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2020, gba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kọjá. Reluwé tuntun láti Kàdúná lọ sí Kánò náà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bí gáàsì bá dé tí reluwé sì ń rìn, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti sùn ní Záríà á jí, àwọn tuntun á sì wá. Ilé-iṣẹ́ ayé òde òní kì í sì í dá ṣiṣẹ́: òṣùwọ̀n ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ń bá ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ń bá yàrá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀. Wáyà wo ni wọ́n fi máa bára wọn sọ ọ́? Ẹni tó bá yan wáyà náà ní ìyànkuyàn, fáíbà ìjọba tó dé ẹnu géètì rẹ̀ kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ọgbà kan ní Dakace, níbi tí àwọn tó ń fún òróró wà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gùn wà lẹ́nu géètì. Bí tírélà tó kó sóyà bá gun orí rẹ̀, ìwọ̀n ẹrù náà gbọ́dọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà akọ̀wé ní ọ́fíìsì, kí wọ́n tó lè kọ ìwé fún awakọ̀. Láti géètì dé ọ́fíìsì ju 200 mítà lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà fa wáyà bàbà tẹ̀lé ògiri. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ kì í dé òdìkejì, ó fi switch kékeré méjì, ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń tì í síwájú, sójú ọ̀nà, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí páànù, ó sì yọ iná fún wọn láti ara gílóòbù ìta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpótí páànù yẹn gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e. Nígbà ọyẹ́, eruku bo ojú switch náà mọ́lẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀, àwọn switch á kú, wọ́n á tún jí. Láàárín ìyẹn, tírélà á ti tò dé ojú títì, àwọn awakọ̀ á máa pariwo mọ́ ọmọ tó jókòó nídìí òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá sì ti tan ẹ̀rọ ńlá tó ń fọ́ sóyà, ìwọ̀n tó ń wọlé á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á sì máa so.

Gbogbo ènìyàn ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Wọ́n ra tuntun. Kò yí padà. Nígbà tó yá, òjò àkọ́rọ̀ dé, àrá sán nítòsí géètì, ilẹ̀ sì mọ́ bá switch méjèèjì, ojú ihò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kọ̀ǹpútà akọ̀wé àti pátákó inú òṣùwọ̀n náà ní jíjó. Ìgbà náà ni wọ́n tó pè mí. Mo ní fáíbà ló yẹ kó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà wò mí, ó ní, “Ṣebí ti àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ni fáíbà?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú yín, sà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà, ọ̀pọ̀ onílé-iṣẹ́, tó fi mọ́ àwọn ẹ̀ńjínníà tó ń yàwòrán ilé, ló rò pé fáíbà jẹ́ nǹkan ojú títì, pé bí ènìyàn bá ti wọ inú ọgbà, wáyà bàbà ló kù. Ètò ìjọba náà kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn tó máa yí èrò yẹn padà.

Wáyà bàbà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò gbọdọ̀ kọjá 100 mítà, èyí kì í sì í ṣe àbá oníṣẹ́. Ìlànà tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé fún wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bàbà ni: 90 mítà nínú ògiri, 10 mítà tó kù fún àwọn okùn kéékèèké tó wà nídìí ẹ̀rọ ní òpin méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Cat6, tí ọlọ́jà ń fi polówó gígábíìtì 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè gbé iye yẹn kọjá nǹkan bíi 55 mítà. Cat6A ló ń gbé e dé 100. Ẹni tó bá kọjá ààlà yìí lè rí i kó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, lálẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ ni àṣírí máa ń tú.

Nínú ọ́fíìsì, wáyà bàbà kò ní ọ̀tá púpọ̀. Nínú ilé-iṣẹ́, gbogbo ohun tó yí i ká ló ń bá a jà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dín eré àwọn ẹ̀rọ ńlá kù tàbí mú un pọ̀ sí i ń tan iná, ó ń pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo iná yẹn sì ń wọ inú wáyà tó bá bá a rìn nínú ojú ọ̀nà kan náà. Àwọn wẹ́dà náà ń dá kún un. Èyí tó burú jù lọ ni ti ilé méjì. Bí ọ́fíìsì bá ń gba iná láti ara tiransífọ́mà kan, tí ilé ẹ̀rọ sì ń gba tirẹ̀ láti ara jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀ tí a de ẹ̀rọ ibí mọ́ kì í bá ilẹ̀ ọ̀hún dọ́gba. Bí a bá fi páìpù so ìkòkò omi méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì, a mọ ibi tí omi máa sàn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ṣe ń gba inú wáyà bàbà tí a fi so ilé méjì pọ̀, wáyà tí a kò fà fún un rárá. Lọ́dọ̀ wa níbí, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, irin inú ilẹ̀ tí àwọn oníná fi ń dáàbò bo ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Àkọ́rọ̀ òjò á sì dé pẹ̀lú àrá lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ rántí oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí wáyà ńlá láti Shiroro wá sí Kàdúná já, tí apá púpọ̀ nínú ìhà àríwá wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, orí jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni wọ́n wà, ilé kan sí òmíràn, orísun iná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Irú ìlú báyìí kọ́ la ti ń fi bàbà so ilé pọ̀ mọ́ ilé.

Fáíbà kò mọ àrá, kò mọ jẹnẹrétọ̀. Gíláàsì ni, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, iná kò rí ọ̀nà. Ní 1966, ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Kao àti George Hockham kọ ọ́ síwèé pé bí a bá lè yọ ìdọ̀tí inú gíláàsì kúrò, ìmọ́lẹ̀ á gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Kao gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2009. Lónìí, irú tí wọ́n ń pè ní single-mode, tí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò ju bíi máíkírómítà 9 lọ, ń gbé gígábíìtì 10 dé kìlómítà 10 pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà lọ́jà. Irú kejì ni multimode: OM3 rẹ̀ ń gbé iye kan náà dé 300 mítà, OM4 dé 400. Ní tèmi, single-mode ni mo máa ń ní kí wọ́n rà, kódà fún ọgbà kékeré, torí pé bí ilé-iṣẹ́ bá gbòòrò lọ́la, ẹ̀rọ tó wà ní òpin méjèèjì la máa pààrọ̀, fáíbà tó wà nínú ilẹ̀ á dúró síbẹ̀. Fáíbà fúnra rẹ̀ kò wọ́n bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ẹ̀rọ tó ń yí iná padà sí ìmọ́lẹ̀ àti owó ọwọ́ ẹni tó máa so ó pọ̀ ló ń gba owó.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí kó lọ máa fa fáíbà dé ìdí gbogbo ẹ̀rọ. Bàbà ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni. Fáíbà kò lè gbé iná. Kámẹ́rà tó wà lókè òpó, fóònù tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́, gbogbo wọn ń gba ọ̀rọ̀ àti iná pọ̀ nínú wáyà bàbà kan ṣoṣo: wáàtì 15.4 ni ìlànà àkọ́kọ́ fàyè gbà ní 2003, ó di 30 ní 2009, ó sì dé 90 ní 2018. Bàbà ń tẹ̀, ó ń yí pẹ̀lú apá ẹ̀rọ tó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ní pílíà ìfúnpọ̀ lè fi orí tuntun sí i láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Fáíbà tí orí rẹ̀ bá já ń dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n. Eruku ọyẹ́ tí kò ní ṣe bàbà ní nǹkan kan, bí ẹyọ kan ṣoṣo bá bà sójú fáíbà, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ á dí. Ẹni tó bá ń ṣe fáíbà ní Záríà láìní ohun ìnujú rẹ̀ lápò, ó ń ṣe ara rẹ̀ ni. Kódà, irú bàbà tuntun kan ti dé láti 2019, oníwáyà méjì péré, tó ń gbé mégábíìtì 10 dé 1,000 mítà; ó wúlò fún àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti ibi tí omi dé nínú tánkì. Ṣùgbọ́n bàbà náà ni. Bí àrá bá sán, ojú kan náà ló fi ń wò ó.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: láti ilé kan sí òmíràn, fáíbà. Láti àpótí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dé ìdí ẹ̀rọ, bàbà gidi. Láàárín ilé kan náà tó gùn kọjá 90 mítà, tàbí tó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀rọ ńlá kọjá, fáíbà tún ni. Kì í ṣe owó mítà kan ló yẹ kó pinnu rẹ̀. Jíjìn ọ̀nà, irú iná tó wà níbẹ̀, àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, àwọn ni.

Mo ní bàbà gidi, torí pé èyí tó pọ̀ lọ́jà kì í ṣe bàbà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò lójú. Wọ́n kọ Cat6 sí ara páálí, wọ́n ń tà á ní iye tó wọ́lẹ̀, ẹni tó rà á sì ń yọ̀. Mú abẹ, ha ojú fọ́nrán kan: bàbà gidi á pupa dé inú, ayédèrú á funfun lẹ́yìn híha kan péré. Gbé páálí méjèèjì lọ́wọ́, ayédèrú fúyẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ó ń ṣẹ́. Ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú rẹ̀ ju ti bàbà lọ ní ìdajì àti díẹ̀. Bí a bá wá gbé iná kámẹ́rà gba inú rẹ̀, wáyà tí wọ́n dì pọ̀ nínú páìpù á máa gbóná. Nínú ilé-iṣẹ́ tí òróró àti eruku sóyà wà, ewu iná ni. Kò bá ìlànà wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mu rárá. Mo ti bá a lára ògiri ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ra ẹ̀rọ olówó ńlá wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ láti Jámánì àti Ítálì, tí owó wáyà tó so wọ́n pọ̀ kò sì tó nǹkan kan lára owó wọn.

Ìkìlọ̀ kejì ni ti fáíbà oníhámọ́ra. Àwọn tó ń fa fáíbà ní ọgbà tí eku wà, tí ọkọ̀ ń gun ilẹ̀ kọjá, máa ń ra fáíbà tí wọ́n fi irin wé. Ó dáa fún eku. Ṣùgbọ́n irin náà ń gbé àrá. Ẹni tó fi fáíbà oníirin so ilé méjì láìfi irin rẹ̀ dè mọ́ ilẹ̀ bó ti yẹ, ó ti dá ìṣòro bàbà padà láti ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n fi okùn gíláàsì wé wà. Òun ló yẹ ìlú tó ń rí àrá bí tiwa.

Sà, NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba àtijọ́, kọ́ wa ní ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ kò rántí mọ́. Bàbà tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú lórílẹ̀-èdè yìí, àwọn olè hú u, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n tà á. Ẹni tó ń ra irin àlòkù kò ní fi kọ́bọ̀ kan ra gíláàsì. Àwọn olè ṣì ń gé fáíbà tí wọn kò bá mọ̀ pé bàbà kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń la ọ̀nà ló ń bà á jẹ́ jù lọ. Àjọ NCC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀ sọ pé nínú nǹkan bí 50,000 ìbàjẹ́ fáíbà tó ṣẹlẹ̀ ní 2024, nǹkan bí 30,000 ló ti ọwọ́ iṣẹ́ ọ̀nà wá. Àṣẹ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn láti dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáa fún ojú títì. Nínú ọgbà, onílé-iṣẹ́ ni ọlọ́pàá ara rẹ̀. Kó yàwòrán ibi tí fáíbà rẹ̀ gbà, kó gbé e fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀, kó sì fa ọ̀nà méjì, kó ṣe é ní òrùka yí ọgbà ká, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gé ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ kejì dé.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ yín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi ni ti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ètò 3MTT tí ẹ dá sílẹ̀ ní 2023 láti kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ayélujára ti ṣí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ kú iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀: ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, dátà, àwòrán, ààbò ayélujára. Ta ló ń kọ́ ọmọ tó máa jókòó sórí àpótí ní Dakace, kó yọ awọ fáíbà, kó gé e gún, kó tò ó sínú ẹ̀rọ ìsopọ̀, kó fi iná jó méjèèjì di ọ̀kan, kó sì fi ẹ̀rọ OTDR wádìí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò? Bí a bá ní irú iṣẹ́ yìí ní Záríà, ọ̀pọ̀ ìgbà Kàdúná tàbí Kánò la ti ń pe ènìyàn wá, ilé-iṣẹ́ á sì dúró títí wọ́n á fi dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi máa ń sọ pé òun ò fẹ́ fáíbà: òun mọ ẹni tó lè tún bàbà ṣe. Záríà kò sì ṣaláìní ilé ẹ̀kọ́. Ahmadu Bello University wà níbí láti 1962, ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú láti 1964, Nuhu Bamalli Polytechnic náà wà. Ẹ fi ìsopọ̀ fáíbà àti wáyà ilé-iṣẹ́ kún 3MTT, ẹ fún polítẹ́kíníìkì náà ní ẹ̀rọ ìsopọ̀ àti OTDR, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọ̀hún di ti gbogbo ọmọ, Hausa, Yorùbá, Igbo, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é.

Ẹ bá SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà, sọ ọ́, kí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò kúrò lọ́jà, kí ẹni tó bá sì tà á pẹ̀lú àkọlé Cat6 jẹ́jọ́. Kí NCC pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ kọ ìwé kékeré kan, ní Hausa, Yorùbá, Igbo àti Gẹ̀ẹ́sì, tó máa sọ ibi tí bàbà yẹ àti ibi tí fáíbà yẹ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, kí wọ́n sì fi í lé ẹni tó bá wá gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó fi àpótí àkọ́kọ́ lélẹ̀.

Ẹ̀yin onílé-iṣẹ́ ní Dakace àti káàkiri Kàdúná, ẹ má dúró de ìjọba. Nígbà míì tí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ fún wáyà iná, ẹ gbé páìpù òfìfo kan síbẹ̀, lọ́tọ̀ kúrò lára ti iná, fún fáíbà tí ẹ máa fà lọ́la. Owó páìpù kò tó nǹkan, owó gbígbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló pọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fa wáyà, ẹ máa ha ojú fọ́nrán kí ẹ tó gbé páálí kúrò lọ́jà, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà bó bá jẹ́ ayédèrú ló fẹ́ kí ẹ fà.

Mínísítà wa, òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé Záríà láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀kọ́ ìsopọ̀ fáíbà ti bẹ̀rẹ̀ nínú 3MTT kí èyí tó ń bọ̀ tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan, Sabon Gari, Záríà.